Ẹnì Kẹta Nínú Ìdàrọ́

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà,
mò ń yí àwọn arúgbó padà lórí ibùsùn
kí egbò má baà jẹ wọ́n lẹ́yìn,
ní Sudbury, níbi tí wọ́n ti ń wa nikẹ́ẹ̀lì,
níbi tí òkúta dúdú bí ìdí ìkòkò.
Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo máa ń wọlé;
oorun á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn mọ́ mi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,
nígbà náà gan-an ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lorne Huhtala, ọmọ awakùsà, gìtá rẹ̀ okùn márùn-ún,
ìkẹfà ti já, kò rówó ra òmíràn.
Odette Filion, ọmọ oníbúrẹ́dì,
tí ń lu ìlù bí ẹni tí ń lé eku nínú àká.
Àwọn méjì péré.
Gáréèjì bàbá Lorne fara ti ògiri yàrá mi,
ògiri pákó, tí kò nípọn ju ìlérí onílé mi lọ.

Lọ́jọ́ kan mo mú bàtà iṣẹ́ mi,
mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lu ògiri: gbì, gbì, gbì!
Yorùbá ni mo fi pariwo lé e,
pé ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sùn ni?
Wọ́n dákẹ́.
Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí.
Ìgbà tí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ:
wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà kẹrin,
àyè tó gba gbì mẹ́ta gẹ́lẹ́,
wọ́n ń dúró dè mí.

Kí ni kí n wí? Inú ń bí mi, mo lù ú.
Lọ́jọ́ kejì, mo tún lù ú.

Ìdàrọ́ ni wọ́n sọ ara wọn,
nítorí èyí tí ilé-iṣẹ́ máa ń dà sórí òkè lóru,
pupa, bí ẹni pé oòrùn ṣìnà.
Inú gáréèjì náà ni wọ́n ti gba orin àkọ́kọ́ sílẹ̀,
gìtá ń ta bí epo gbígbóná tí omi kán sí,
bàtà mi wà nínú rẹ̀.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àwo, ó tán kí yìnyín tó yọ́.
Ará Toronto kan gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Mo rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ.
Bọ́ọ̀sì kékeré, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń ṣí;
ìyá Odette di búrẹ́dì mọ́kànlá fún wọn.
Mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí òkú.
Lọ́jọ́ kejì, n ò rí oorun sùn.

Àwo kejì: yàrá tí ògiri rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí,
ọkùnrin kan tí wọ́n sanwó fún kó lu gbì mẹ́ta náà.
Ó lù ú dáadáa.
Inú kò bí i.
Àwo náà ò tà. Ní Winnipeg, ènìyàn méjìdínlógún nínú gbọ̀ngàn,
ọ̀kan nínú wọn ló wá tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ṣe.
Ọrùn ọwọ́ Odette wú. Lorne kò bá a sọ̀rọ̀
láti Thunder Bay títí dé ilé,
ìrìn wákàtí mọ́kànlá.
Ẹni méjì ni wọ́n; bí ọ̀kan bá dákẹ́, ó parí nìyẹn.

Lorne ti wà nínú kòtò nikẹ́ẹ̀lì báyìí, bíi bàbá rẹ̀.
Odette ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé;
wọ́n ní ìka rẹ̀ kì í sinmi lórí síárìn bí iná bá pọ́n.

Lẹ́tà kan dé lóṣù tó kọjá,
ṣẹ́ẹ̀kì dọ́là mọ́kànlélógójì wà nínú rẹ̀.
"Owó bàtà," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́,
ìfọwọ́sí méjì lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun èkejì.
N ò lọ gba owó náà. Ó wà nínú bàtà ọ̀tún,
èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ.

Mo ti fẹ̀yìntì. Alẹ́ ni mò ń sùn bí ènìyàn gidi.
Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé sí gáréèjì náà nísinsìnyí.
Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù,
etí mi á máa kà á, ìlà kan, ìlà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin,
àyè náà á sì ṣí.